Agogo Ojúlé Karùn-ún

"Olólùfẹ́ mi, olólù-, olólù-, olólù-, olólù-..."

Orin tún ti há nìyẹn. Coralie Trewartha kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà ní pípa, kí gbogbo ìlú Wirrabee má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá kọjú sí kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ yìí, o ò ní gbádùn! Àárọ̀ kùtù báyìí? Orí burúkú wo lo gbé wáyé?"

Ó sáré gbé àwo orin àtijọ́ kan sórí ẹ̀rọ àwo, ó fa ohùn rẹ̀ sókè, orin ń lọ geere. Ló bá ṣí ìwé àbùkù rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Sátidé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, orin há. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé tẹlifóònù kí ẹ̀rọ tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ará ibẹ̀ yẹn kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìkọ. Tí eṣinṣin bá bà lé wáyà, wọn á kọ aago tó bà á.

Yàrá méjì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú ni Rédíò Wirrabee. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí Coralie ti ń ṣe ètò òwúrọ̀ níbẹ̀: ta ló kú, ajá ta ló sọnù, èló ni ọkà bálì. Lẹ́yìn náà ni àlọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè tó sì já a yóò gba ìgò jáàmù kan, tí Coralie fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Ìgò jáàmù ti wá kún abẹ́ tábìlì báyìí, torí kò sẹ́ni tó pè mọ́.

Ohun tí Neville Odgers, alága ìgbìmọ̀ rédíò, wá sọ lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Coralie. Ti orin tó ń há, mo lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé ìpè yín rèé. Láti oṣù karùn-ún, ẹyọ ẹnìkan ò pè. Àlọ́ tí ẹ ń pa, ta ló ń gbọ́ ọ? Tó bá di aago méjìlá Sátidé tí nǹkan ò yí padà, n ó fọwọ́ síwèé. Ètò láti ìlú ńlá Adelaide ni a ó máa gbé sáfẹ́fẹ́ láràárọ̀."

Kí orin há ò dun Coralie tó ọ̀rọ̀ pé ẹnìkan ò pè. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ọdún mẹ́fà ni Keith ọkọ rẹ̀ ti kú, ètò yìí ló sì ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Tí kò bá wá sẹ́ni tó ń gbọ́, a jẹ́ pé ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó dùn ún wọ egungun.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni Darcy Pascoe wọlé, àpò irinṣẹ́ léjìká, pásítì gbígbóná méjì, irú mítipáì, tí ìyá rẹ̀ yan lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ọkà bálì ni Darcy, òun náà ló ń gbá góòlù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Wirrabee. Òun ló ṣa kọ̀ǹpútà náà jọ láti ara òkú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tó sì fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Ó fẹ́ràn Linux ju obìnrin lọ, bóyá ìdí tí kò fi tíì níyàwó nìyẹn.

"Anti Coralie, ẹ káàárọ̀. Ṣé ó tún ṣe é?"

"Ṣé o rò pé ó máa ronú pìwà dà? Jókòó, jàre. Aago méjìlá ni Neville ń bọ̀."

Darcy tẹ nǹkan díẹ̀, àkọsílẹ̀ kan jáde lójú ẹ̀rọ. "Ẹ wò ó. Gbogbo káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ní ojúlé tirẹ̀, tó fi ń lu agogo pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tí káàdì orin bá fẹ́ kí wọ́n gbé orin sí i wá, á lu agogo ojúlé karùn-ún. Módẹ̀mù wà ní ojúlé kẹwàá, ìyẹn èyí tí mo fi wáyà tẹlifóònù sí, kí n lè máa pe kọ̀ǹpútà láti oko kí n sì tún un ṣe. Tí káàdì méjì bá ń lu agogo kan náà, ọpọlọ ò ní mọ ẹni tí yóò dá lóhùn, wàhálà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò síjà níbí. Kálukú wà nílé rẹ̀."

Coralie gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀. "Nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlé karùn-ún yìí ńkọ́?"

"Iye ìgbà tó ti lu agogo nìyẹn."

"Ti módẹ̀mù wá jẹ́ òdo?"

"Látìgbà tí mo ti fi sí i, loṣù karùn-ún. Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é láti oko, kò gbé e, mo bá pa á tì. Nígbà tí ẹnìkankan ò pè é, kí ló fẹ́ máa lu agogo sí?"

Coralie bú sẹ́rìn-ín. "Darcy, ṣé o mọ̀ pé láyé ìgbà tí ìyá rẹ ṣì wà lọ́mọge, wáyà kan ṣoṣo ni ilé mẹ́fà ń lò ní òpópónà yín? Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bí agogo tirẹ̀ ṣe ń dún. Ìwé wa sọ pé ilé Ellery ò gbé ìpè kankan fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá mi ní wọn ò lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó fa wáyà ti so wọ́n mọ́ agogo ilé Pásítọ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n, Pásítọ̀ ló ń gbé e. Ó ti bá wọn ra ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta."

Darcy rẹ́rìn-ín títí pásítì fi fẹ́ há a lọ́fun.

"Má rẹ́rìn-ín kú, mò ń bọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé nìkan ni ìwé mọ̀. Ta ló kọ ojúlé kẹwàá síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Káàdì yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnìkan sọ fún un pé ó ti kó lọ?"

Darcy pa kọ̀ǹpútà, ó tú ìdérí rẹ̀, ó fa káàdì módẹ̀mù yọ. Ike dúdú bíńtín kan wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan ojúlé fún un. Lórí márùn-ún ló jókòó sí, kò mira.

"Yéè! Mo ti gbàgbé! Mo fẹ́ sún un lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ń fọn fèrè mọ́tò níta pé ká lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún kọ̀ǹpútà, mi ò sọ fún káàdì!"

"O ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbàgbé. Lọ́mọdé, o gbàgbé bàtà rẹ sí ilé mi fún ọdún kan. Sún un, ẹ̀dá!"

Ó sún ike náà sí mẹ́wàá, ó dá gbogbo nǹkan padà sáyè. Nígbà tó di aago mẹ́wàá ààbọ̀, Coralie jókòó sídìí gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, n ó tún àlọ́ òní pa o. Kí ló ń yí oko ká tọ̀sán-tòru, tí kò gbé ẹsẹ̀ rí? Ẹ pè mí o. Orin rèé."

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ibi "olólùfẹ́ mi", kò há. Ó kọjá ìdajì, kò há. Darcy fò sókè, ó ń jó yí àga ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé. Coralie ò jó. Àkọsílẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yẹn ló tẹjú mọ́.

"Darcy, tún ìwé yìí pè wá."

Darcy tẹ̀ ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlé kẹwàá, òdo ti kúrò. Ogójì ló wà níbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ti di àádọ́rùn-ún.

"Ta ló ń pe módẹ̀mù rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà yẹn, mà! Èmi nìkan ni."

Coralie ṣí ìwé àbùkù. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àlọ́ tán ni. Lánàá: lẹ́yìn àlọ́. Lọ́jọ́bọ̀: lẹ́yìn àlọ́. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké, ó fi ọwọ́ tọ wáyà módẹ̀mù lọ sídìí ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níbẹ̀. Oṣù karùn-ún tí wọ́n kun yàrá lọ́dà ni wọ́n kun àwọn náà mọ́ ọn, ọ̀dà bo ohun tí wọ́n kọ sára wọn.

"Ṣé ti ìsàlẹ̀ lo ki módẹ̀mù bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí wáyà ọ́fíìsì tí wọn kì í lò mọ́ ni?"

"Ti òkè ni ti ọ́fíìsì! Ti ìsàlẹ̀ ni ti àwọn olùgbọ́ mi!"

Tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ kì í dún, kó má baà bá orin jáde lórí afẹ́fẹ́. Iná pupa kékeré kan ló máa ń ṣẹ́jú. Coralie kì í sì í gbé e àfi tí iná bá tàn. Ó gbé e báyìí, kò sí ìró kankan nínú rẹ̀. Ti òkè ni wọ́n ki tẹlifóònù yìí bọ̀, wáyà ibẹ̀ sì ti já nínú ògiri.

"Ẹni tó bá sì pè mí ńkọ́? Kí ni módẹ̀mù yìí ń sọ fún wọn?"

Darcy wo ilẹ̀. "Mo ní kó máa gbé e kíá tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan. Ó... ó máa ń han ni, mà."

Coralie fa wáyà méjèèjì yọ, ó pààrọ̀ wọn. Kò tíì dìde tán tí iná pupa fi tàn.

"Ọgbà ni! Ọgbà oko ni!" Clarrie Hocking ni, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń dá gbé létí òkun. "Coralie? Ṣé ìwọ gan-an nìyí? Láti oṣù karùn-ún ni odídẹrẹ́ kan ti ń han mọ́ mi létí!"

"Clarrie! Ìwọ tí mo rí nílé alápatà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹ̀rọ Darcy ni. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ló fẹ́ ba ọkàn ẹni tó ń gbá góòlù fún wa jẹ́? Mo ní á yanjú ara rẹ̀. Jáàmù mi dà?"

Coralie ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Bí Clarrie ṣe gbé tẹlifóònù sílẹ̀ ni iná tún tàn.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá lù, Neville já wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo ti ń pè yín láti aago mọ́kànlá, kò wọlé!"

"Àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí, ó yínmú. "Òní nìkan nìyẹn, ará mi. Oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ìwé ìpè ṣófo."

Coralie gbé ìwé àbùkù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kò ṣófo. Gbogbo ìgbà tí orin há lẹ́yìn àlọ́, ẹnìkan ló ń pè mí, tí módẹ̀mù sì ń lu agogo orin. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, èmi ni mi ò mọ̀. Kà á."

Neville tọ́ ìka lá, ó kà á láti ojú ewé dé ojú ewé. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó tún un kà, kò yí padà. Iná pupa tún tàn.

"Bá mi gbé e," ni Coralie wí, "mò ń wá áńkáṣífù mi."

Neville gbé e. Ó gbọ́ ohùn náà, ó dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé.

"Ìyá mi ni," ló wí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. "Wọ́n ní ọgbà ni. Wọ́n ní láti oṣù karùn-ún làwọn ti ń pè. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi, wọ́n ní mi ò béèrè."

"Sọ fún wọn pé Clarrie ti gba tòní," ni Coralie wí. "Kí wọ́n pè lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Neville wo ìwé tó mú wá láti fọwọ́ sí. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sápò.

"Màmá, ọjọ́ Mọ́ńdè," ló wí. "Coralie á wà níbí."