Fáànù Aláriwo

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fa àpótí yín mọ́ra. Ẹni tó bá gbọ́, kó bá ẹni tí kò gbọ́ gbọ́ ọ.

"Bọ̀dá, kí lẹ tún ń tú?" ni àbúrò ìyàwó Oníwáyà bèèrè.

Oníwáyà kò gbójú sókè. Ó ti dojú ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin ga, dé sórí tábìlì pálọ̀, súkúdíráfà wà lẹ́nu rẹ̀ bíi pákò. Àlòkù ni, gbọ̀ngàn ńlá ló ti ṣiṣẹ́ rí, fáànù rẹ̀ sì ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti yọ ìyẹn, ó ń fi kékeré kan tó tú lára kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀.

"Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kó bo orin ọmọ yẹn mọ́ ìyá rẹ̀ létí."

Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ló ń sọ. Gìtá béèsì, olóhùn ìsàlẹ̀ nì, ló ń ta kí ọkọ̀ tó gbá a pa. Ibà tó dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ló gba etí ìyá náà lọ. Orin kan ṣoṣo tí ọmọ náà ká sílẹ̀ ló kù. Nítorí ìyá náà ni Oníwáyà ṣe kan wúfà gàgàrà, àpótí agbóhùn tí ìró rẹ̀ ń mi ara, bóyá ara rẹ̀ á gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́ mọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Etí wo? Àǹtí mi tí àrá ò jí! Fáànù wo ló máa dí wọn lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ọwọ́ Oníwáyà dúró gbagidi. Àṣé etí tí kò sí mọ́ ló ń tọ́jú látàárọ̀!

Síbẹ̀, ó so wáyà pọ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n pè wá jẹun súnmọ́ tòsí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti wúfà. Orin ọmọ náà bẹ̀rẹ̀: dùm, dùm-dùm. Ó di ojú.

"Ó tún ń sáré níbẹ̀ yẹn!" ló kígbe, kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó mọ́. Ló bá gbé orin tó fi ń bá ọmọ náà wí nígbà tó bá ń yára ta gìtá:

"Rọra ta á, ọmọ mi, rọra,
Ilé kì í sá lọ, ọmọ mi, rọra."

"Ẹ tún un gbé sí i!" ni obìnrin náà wí. Wọ́n tún un gbé sí i, wọ́n tún un gbé sí i, títí ámúpù fi gbóná, tó pa ẹnu mọ́. Fáànù jẹ́jẹ́ yẹn ò lè fẹ́ ẹ tutù.

Obìnrin náà la ojú. "Ó ti lọ?"

Oníwáyà tún gbé súkúdíráfà. Ó tú fáànù jẹ́jẹ́ náà, ó dá aláriwo padà sáyè rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ariwo yẹn ṣeé fara dà?"

"Èmi nìkan ló máa dí lọ́wọ́."

Ó tan án. Ilé pariwo gooo. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n yó, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá ọmọ ò dìde nídìí wúfà, ó ń kọrin lọ. Oníwáyà tó ní etí ò gbọ́ ju fáànù lọ. Nígbà tó yá, òun náà wá fẹ̀yìn ti wúfà.