Ta Ni Kó Dá Iye Lé Ẹ̀rọ Bàbá?

Ọjọ́ tí Bàbá sọ pé òun máa ta ẹ̀rọ náà, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà wà, ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó ń nu gírísì àtijọ́ kúrò. Ó gbọ́ ọ ketekete. Òun náà mọ̀ pé kò sí ọ̀nà míì. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá, onílé sì ti ní kí wọ́n kó jáde. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ń kó lọ, ẹ̀rọ náà ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé.

Tọ́nà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, torí iṣẹ́ tọ́nà ló ń ṣe. Léètì ni ẹ̀rọ ọ̀hún, irin ńlá tí ń yí irin kékeré bírí kí ọ̀bẹ lè fá a, òun ni wọ́n fi ń ṣe ṣáàfù, ìyẹn irin gbọọrọ tí ń yí, àti bọ́ọ̀ṣì, irin oníhò tí ń gbà á mọ́ra, fún àwọn tó ń tún mọ́tò àti pọ́ńpù ṣe. Ẹ̀rọ náà ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí. Ọdún méjìlélógún ni Tọ́nà ti lò nídìí rẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìnkùlé tí ẹlòmíì tan án, á mọ̀ bóyá idẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí irin.

Títà kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún dé lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbọ́? Bàbá ní ọkọ mi ni kó bá àwọn dá iye lé ẹ̀rọ, kó sì wá ẹni tó máa rà á."

"Ọkọ tìẹ?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ títà ò ṣòro fún un."

Ọkọ àbúrò yìí, mọ́tò àlòkù ló ń tà. Bàtàńdán ni wọ́n ń pè é, torí bí òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bàtà rẹ̀ á máa dán gbinrin. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Èyí tiẹ̀ burú ju òwe lọ: wọn ò pe gbẹ́nàgbẹ́nà rárá, àkókó ni wọ́n ránṣẹ́ sí.

Owú tí Tọ́nà ń jẹ sí i kì í ṣe tọjọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ mú ọkùnrin náà wálé, tí Bàbá dìde lórí àga onírọ̀rí, tó ní, "Jókòó síbí, ọmọ mi ọkùnrin." Tọ́nà ò jókòó sórí àga yẹn rí. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, Bàbá mú irin ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó lè wọn nǹkan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó fi ta àna rẹ̀ lọ́rẹ. Inú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì mọ́tò rẹ̀ ni Bàtàńdán gbé e sí, bí ife ẹ̀yẹ. Tọ́nà wá ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni kan tó ń kógbá wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá mú un dání ni inú ń bí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàtàńdán dé pẹ̀lú fóònù, búrọ́ọ̀ṣì àti páànù ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí n tó ya fọ́tò rẹ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹ̀rọ. Ó kun orí rẹ̀, ó kun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kun ibi tí ọ̀dà ò gbọdọ̀ fẹnu kàn, ìyẹn ojú irin gígùn tí àpótí ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀. Tọ́nà káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Nígbà tó kùn ún tán, Bàtàńdán nu ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé nǹkan kan ń ṣe é tó yẹ kí n kọ sílẹ̀?"

Nǹkan ń ṣe é. Béárìn iwájú, tí ṣáàfù ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ti jẹ. Eyín jíà méjì ti kán rí, Tọ́nà ló fi idẹ mọ òmíì sípò wọn. Ojú irin gígùn yẹn náà ti rì díẹ̀ níbi tó sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n owú gbé e mì.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ní kó dá iye lé e? Wò ó dáadáa."

Bàtàńdán wò ó, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ó fi fóònù kọ ọ́ sórí ìkànnì ìtajà pé: "Ẹ̀rọ àtijọ́ tó lágbára. Kò ní àbùkù kankan. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà." Tọ́nà kà á nígbà tó délé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń retí ọjọ́ tí bàtà yẹn máa wọ ẹrẹ̀.

Ọjọ́ náà ò pẹ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọkùnrin kan tó ń tún pọ́ńpù ṣe wá wo ẹ̀rọ. Ọ̀gá Pọ́ńpù ni wọ́n ń pè é. Bàbá wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Bàtàńdán ti ń rojọ́, "Ẹ wo bó ṣe ń dán," ṣùgbọ́n Ọ̀gá Pọ́ńpù ò dá a lóhùn. Ó yọ aago kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn irin lápò, ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan ṣáàfù ẹ̀rọ náà, ó wá fi igi gbé ṣáàfù náà sókè. Abẹ́rẹ́ fò, ó hàn pé béárìn ti jẹ. Ó ṣí ìdérí jíà, ó fọwọ́ pa eyín rẹ̀. Ó fi èékánná ha ọ̀dà lójú irin gígùn.

Inú Tọ́nà ń dùn. Nísinsìnyí ni àṣírí Bàtàńdán máa tú.

Àfi bí ọkùnrin náà ṣe rìn kọjá lára Bàtàńdán, tó lọ dúró níwájú Bàbá.

"Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń fi ọ̀dà bo àbùkù mọ́lẹ̀."

Bàbá gbìyànjú láti dìde. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì, tó, tó, tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Bàtàńdán ti dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. "Ẹ má bá Bàbá wí. Èmi ni mo kùn ún, èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Kò sọ pé òun bi Ẹ̀gbọ́n òun léèrè. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló gún Tọ́nà ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Dìde," ó sọ fún un. Ó wá kọjú sí oníbàárà. "Ó bi mí. Mo mọ̀, n kò sì sọ fún un. Ẹ wá gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Ó ka àbùkù ẹ̀rọ náà fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó sọ èyí tó dára náà: ọdún kejì rèé tí wọ́n tún wáyà mọ́tò iná tó ń yí i dì, ìka irin tí ń di nǹkan mú lẹ́nu rẹ̀ ò tíì jẹ rárá.

"Mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ló tó," ló wí.

"Mẹ́rin."

"Ọ̀gá, bẹ́ẹ bá gbé mẹ́rin wá, jíà nìkan lẹ máa gbé lọ."

Ọ̀gá Pọ́ńpù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló fi idẹ mọ eyín jíà yìí?"

"Èmi ni."

Ó tún fọwọ́ pa á. "Mo máa san mẹ́rin àbọ̀, tẹ́ ẹ bá máa wá bá mi ṣe béárìn rẹ̀."

"Owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni."

"Mo gbà."

Nígbà tó lọ tán, Bàbá ní kí Tọ́nà sún mọ́ òun.

"Kí ló dé tóo fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀rọ yẹn, ẹ ò bi mí."

"Bí mo bá bi ọ́, wàá ní ká má tà á. Mi ò sì ní lè bá ọ jiyàn."

Tọ́nà mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Ó yẹ kẹ́ ẹ bi mí náà."

"Ó yẹ," ni Bàbá wí.

Àbúrò Tọ́nà gbọ́, inú bí i, odindi oṣù kan ni kò fi gbé ìpè rẹ̀. Tọ́nà ò bínú sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà, Bàtàńdán bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń bá wọn fi páìpù yí i lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Rọra o, ọmọ mi ọkùnrin!" Bàbá pariwo láti orí àpótí. Owú yẹn tún ta Tọ́nà lọ́kàn, bí ìgbà tí pàǹtí irin gbígbóná bá ta síni lọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lábẹ́ ibẹ̀," ló sọ fún ọkọ àbúrò rẹ̀. "Ọ̀tún ló wúwo jù. Ibí ni kóo ti dì í mú."

"Ibí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀n-ẹ́n. Tì í wàyí."