Wáyà Abẹ́ Aṣọ Sísá

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ ọ́, bí o bá dé àdúgbò Hindáwíyà ní Jẹ́dà, má gbójú sókè wo orí òrùlé ilé kankan. Bí ojú rẹ bá ṣèèṣì débẹ̀, tí o sì rí aṣọ tí wọ́n sá, aṣọ ni kí o sọ pé o rí. Àwọn tó ni ín ṣì ń gbé ibẹ̀.

Aṣọ ọ̀hún ni Sàrátù ń sá lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tí Jelilat fi sáré gun àtẹ̀gùn dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó Dókítà Abdulkareem ni, ọmọ Ìlọrin. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ mú un dé láti ilé, ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n sì ń gbé.

"Àlàájà, ẹ bá mi yọ̀! Nẹ́tíwọ̀kì tó ń wọ́ bí ìgbín yìí, wàhálà rẹ̀ ti fẹ́ tán. Mo ti pè wọ́n."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Sàrátù. "O pe ta ni?"

"Ilé iṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ̀kì fún wa ni. Ọmọkùnrin kan ti dé, Meshal lorúkọ rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó wọlé, torí Dókítà wà níbi iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti yẹ wáyà wò. Ó ní ohun tí ilé wa ń lò ti pọ̀ ju ti ilé kan lọ, òun máa gòkè wá wo òrùlé."

Sàrátù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Jelilat. Ta ni ì bá sọ? Úmúrà ni Sàrátù bá dé Sáúdí lọ́jọ́sí, kò sì bá àwọn yòókù padà. Kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú tí ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tó yá, ó bẹ Dókítà pé kó jẹ́ kí òun fa wáyà kan lára tirẹ̀, kí òun lè máa rí ojú àwọn ọmọ òun ní Ṣakí. Dókítà gbà. Àwọn ará ilé wá ń gbọ́ bó ṣe ń bá ọmọ rẹ́rìn-ín. Àlàájì Jùbrílù, tí fèrèsé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òrùlé gan-an, bẹ̀ ẹ́ pé kó fa tòun náà. Jùbrílù bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé kejì. Ilé kejì sọ fún ilé kẹta. Kí ó tó mọ̀, wáyà ti ń ti orí òrùlé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì ti ń pè é ní Ìyá Nẹ́tíwọ̀kì. Obìnrin tí kò ka ìwé jìnnà ni o. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń sáré pè bí ojú ọmọ wọn bá dúró gbagidi nínú fóònù. Bí oòrùn bá mú àpótí kékeré tí gbogbo wáyà náà ti ń pín, á gbé fáànù tì í bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tí ibà ń ṣe. Bí iyanrìn bá wọ̀ ọ́, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n. Abàyà dúdú ló sì máa ń sá bo gbogbo rẹ̀, nítorí ọkùnrin ìlú yìí kì í fọwọ́ kan aṣọ obìnrin olóbìnrin.

Ó gbé etí abàyà kan sókè. Wáyà pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra bí irun dídì.

Jelilat fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ṣé gbogbo àdúgbò la jọ ń lò ó ni? Abájọ tí fíìmù mi kì í lè parí!"

"Ìyàwó, o pa mí."

"Mi ò mọ̀ ni, Àlàájà! Dókítà ò sọ fún mi. Ẹ fà á yọ, ẹ gba orí òrùlé kejì sá lọ. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí àtìmọ́lé tarhíìlì ńkọ́, tí wọ́n dá yín padà sílé lófo?"

Sàrátù na ọwọ́ sí àpótí náà. Bó ṣe fẹ́ fà á ni ohùn Jùbrílù gba ojú fèrèsé jáde: "Ẹ̀yin Ààfáà, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ sún mọ́ fóònù dáadáa."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti fẹ́ gbàgbé. Lónìí ni ìsoyìgì Rumaysa, ọmọ Jùbrílù, ní Ìsẹ́yìn. Jòjòló ni bàbá rẹ̀ fi í sílẹ̀, kò sì níwèé tó fi lè lọ kó tún padà wá. Àwọn àbúrò bàbá ní àwọn máa dúró fún un. Ọmọ náà yarí. Ó ní bàbá òun kò kú, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ pé ó fi òun fọ́kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí gbogbo wọn máa lọ sílé.

"Àlàájà, kí lẹ̀ ń dúró ṣe?"

"Jùbrílù ò tíì fọmọ fọ́kọ."

"Yā Sátírù!" Meshal ló pariwo látorí àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin máa ń ṣe níbẹ̀ kó tó yọjú sórí òrùlé, kí àwọn obìnrin lè bo ara wọn.

Ọkàn Sàrátù fò. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ. "Istanná, ọmọ mi! Dúró ná! A ò tíì bo orí!"

"Àlàájà," ni Jelilat sọ wúyẹ́wúyẹ́, "orí wa mà bò."

"Ṣí i. Kó má baà jẹ́ irọ́."

Àwọn méjèèjì bọ́ híjáàbù, wọ́n dúró sínú oòrùn pẹ̀lú irun lórí, wọ́n ń wo ara wọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa Jelilat. Ó bu ètè jẹ.

"Àlàájì Jùbrílù," ni Ààfáà ń wí láti Ìsẹ́yìn, "ṣé ẹ fi Rumaysa fún Abdussamad ní aya?"

Ohùn kankan ò jáde. Sàrátù di àyà mú. Ó ti dúró gbagidi, Ọlọ́run mi, ó ti dúró! Ó tẹ̀ síwájú, ó wo iná àpótí náà. Iná ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ń lọ. Jùbrílù ló ń sunkún.

"Mo fi í fún un," ni Jùbrílù wí níkẹyìn. "Mo fi ọmọ mi fún un."

Ìsẹ́yìn hó yèè.

"Yā khála, ìyá wa!" Ohùn Meshal ti sún mọ́ wọn. "Mo ń bọ̀ o!"

"Ẹ sá lọ báyìí, Àlàájà!"

Sàrátù wé híjáàbù rẹ̀. "Bí mo bá sá, orúkọ ọkọ rẹ ni wọ́n á bá níbẹ̀. Wé tìrẹ." Ó wá ké sí Meshal pé kó máa bọ̀.

Ọmọkùnrin náà gòkè, ó dojú kọ ilẹ̀. Ojú tó sọ sílẹ̀ yẹn ló fi rí àpótí náà, nítorí ilẹ̀ ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó mi orí. "Ta ló ni èyí?"

Jelilat ló kọ́kọ́ fèsì, pẹ̀lú Lárúbáwá tó kọ́ nílé kéú, bí ẹni ń ka kútúbà ọjọ́ Jímọ̀: "Ìwọ arákùnrin olùbùkún, èmi ni mo fi ẹjọ́ sùn, mo sì ti dárí jin nẹ́tíwọ̀kì náà."

Meshal fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Wáyà ni mo béèrè."

"Tèmi ni," ni Sàrátù wí, pẹ̀lú Lárúbáwá ọjà rẹ̀. "Dókítà fún mi ní ẹyọ kan péré. Èmi ni mo fa ìyókù."

Meshal dìde. Nínú yàrá ìsàlẹ̀, Jùbrílù ń ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ga sí i.

"Khála, gbọ́. Mi ò wá fún ìkámà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí léèrè níbi iṣẹ́. Sọ àwọn ilé tó ń lò ó fún mi, tiwọn ni màá kọ, mi ò ní kọ tìrẹ."

Sàrátù gbé ojú lọ síbi fèrèsé, ó sì yára mú un kúrò níbẹ̀.

"Mo ti sọ tèmi," ó ní. "Ti ẹlòmíràn ò sí lẹ́nu mi."

"Ilé kan ṣoṣo, khála. Kí n lè ní nǹkan tí màá sọ."

Jelilat wá dúró ti Sàrátù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sàrátù fi ọwọ́ kejì fa etí abàyà bo àpótí náà, kò sì dárúkọ ilé kankan.