Sátidé Mẹ́ta Tí Káfíńtà Kò Wá

Alága líìgì ṣẹ́ẹ̀sì, ayò tí wọ́n ń ta ní gbogbo Sátidé, ní kí Aránṣọ, tó ti ń ṣe akọ̀wé wọn fún ọdún méjìlélógún, wo ìdí tí èrò fi ń dín kù. Ó kó àwọn ìwé orúkọ sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọdún yìí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Iye yẹn kọ́ ló bà á lẹ́rù. Àwọn ọ̀dọ́ kàn máa ń lọ ni: wọ́n ríṣẹ́, wọ́n bímọ, ó tán. Àwọn àgbà kì í lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ máa pẹ́ dé, wọ́n á máa juwọ́ sílẹ̀ kí ayò tó gbóná, wọ́n á wá pa Sátidé kan jẹ, wọ́n á pa méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ wọn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń gbọ́ tó bá yá pé àìsàn tàbí ikú ló mú ọ̀pọ̀ wọn. Òun náà ò sì béèrè wọn rí.

Ó ṣí ìwé ọdún yìí. Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀: pẹ́ dé, juwọ́ sílẹ̀, pẹ́ dé, juwọ́ sílẹ̀. Sátidé mẹ́ta, òfo.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Kò rántí ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré gba títì lọ, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó gbá ilẹ̀kùn wọn títí ọwọ́ fi ń ro ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Ó pẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí.

"Ṣé o fẹ́ wó ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni?"

"Ẹ ò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n to ṣẹ́ẹ̀sì sí. Gbogbo ọmọ ayò ló wà ní ipò wọn, àfi ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò mi, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé èyí rìn? Èmi tí mo kọ́ ọ! Torí mi ò fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ni mi ò ṣe wá."

Aránṣọ gbé bàtà wọn wá.

"Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Dókítà fún Káfíńtà ní bébà, ó ní kí wọ́n ya ojú aago. Káfíńtà tí kì í wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kó gbogbo nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aránṣọ kọjú sí ògiri. Àìsàn ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀, dókítà sọ. Oògùn lè dá a dúró díẹ̀, kò lè lé e lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró létí títì, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ibo la máa gbà délé?"

Títì tí wọ́n ti ń gbà láti ogójì ọdún nìyẹn. Aránṣọ ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, wọ́n sì jọ sọdá.