Ibùba Nínú Ilé Ehoro

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣọdẹ láàrin Ògbóòró àti Àgọ́-Àmọ̀dù kí orúnkún tó gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ẹran tí mo pa kò kéré. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ṣakí gbà mí pé kí n máa bọ́ ehoro ìwádìí wọn, gbogbo àwọn tí a jọ ń kírun ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Ramlah, ẹ má jẹ ẹran ìjọba tán o!" Mo bú wọn dáadáa.

Débọ́lá ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin ará Ìgbẹ́tì tó mọ̀wé, tó sì tún lẹ́nu. Ó po òrí mọ́ ewé kan, ó ní ìpara náà á wo egbò, á sì tún pa ìrora. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fún ehoro méjìlá ní oògùn oorun, wọ́n sì gé awọ ẹ̀yìn wọn díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Láràárọ̀, mẹ́fà ń gba abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ìpara nìkan ni mẹ́fà yòókù ń gbà. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹran ìwádìí ti bá Débọ́lá ṣe àdéhùn. Kó máa fún ìrora wọn ní máàkì lójoojúmọ́, láti òdo dé mẹ́wàá. Èyí tó bá ti kọjá mẹ́ta, kó gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì gún un, a jẹ́ pé ìpara kò pa ìrora nìyẹn, ìwé tó fẹ́ fi gboyè sì dà rú.

Òdo ni Débọ́lá ń kọ fún gbogbo wọn. Ó ń kọrin bó ṣe ń kọ ọ́. Lọ́jọ́bọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àríyọ̀, ìyá tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, máa wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́rú, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé ilé ehoro, mo ń mu ẹ̀kọ tèmi, ni mo bá gbọ́ tí eyín ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo yọjú. Ehoro kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ìpara, dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ koríko. Mo mọ ìwà yẹn. Ẹran tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀, bó bá mọ̀ pé ojú rẹ wà lára òun, ńṣe ló máa rìn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Èyí tó bá tiro ni ẹkùn ń kọ́kọ́ gbé.

Mo pe Débọ́lá. "Irọ́ ni àwọn ẹran yìí ń pa fún ọ."

"Bàbá, ẹ wò ó, ó ń jẹun."

"Ó ń jẹun nítorí pé o dúró lé e lórí. Ìwọ ni ẹkùn."

"Èmi? Pẹ̀lú bí mo ṣe kúrú tó yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo ní kó wá lówùúrọ̀ ọ̀la, kó má wọ kóòtù funfun, kó má sì fín lọ́fínńdà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti fi poroporo ọkà bàbà àti ẹní méjì ṣe ibùba sí igun ilé ehoro, mo sì dá ihò sí i tí ojú lè gbà wòran.

Ó dé lówùúrọ̀, òórùn lọ́fínńdà ń ta mí nímú. Mo ní kó lọ wẹ̀. Ó kùn lọ, ó kùn bọ̀. A wọ inú ibùba. Ó fẹ́ húkọ́, mo wò ó burúkú. Èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ pariwo, mo fọwọ́ dí i lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, àwọn ehoro gbàgbé wa.

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ń bọ́jú, wọ́n ń na ara. Àwọn tó ń gba ìpara kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ehoro kẹrin ká ara jọ, ó fa etí sẹ́yìn, ó di ojú, eyín rẹ̀ sì ń ró. Ọ̀kan fẹ́ lá ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó dúró lágbedeméjì. Débọ́lá di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dun èmi náà. Mo ti pa ẹran títí, ṣùgbọ́n n kò jókòó wo ẹran tí ń jẹ̀rora rí.

"Máàkì mélòó?" mo bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mẹ́fà, mẹ́fà. Ti kẹrin tó méje."

A jáde síta. Ó jókòó sórí òkúta. "Bàbá, àwa méjèèjì nìkan la rí i. Bí mo bá lọ dúró lé wọn lórí báyìí, òdo náà ni wọ́n máa fún mi, ìwé mi á sì pé."

Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ ṣe ohun tí n kò ní lè fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó dìde, ó lọ gbé abẹ́rẹ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gún. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àríyọ̀ dé lọ́sàn-án. Ó kàwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló ní kí o máa wo ẹran láti inú poroporo?"

Débọ́lá nawọ́ sí mi. Mo ti ń to èébú jọ.

"Egbò ń jinná, ìyẹn dára," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ti ìrora kò dúró mọ́. Wàá tún ìdajì ìwé yìí kọ."

"Mo gbọ́, mà," ni Débọ́lá wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá kọjú sí mi. "Bàbá Ramlah, ṣé àyè wà fún èmi náà níbẹ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe tín-ín-rín. Poroporo ké. Àwa mẹ́ta fún pọ̀ bí iṣu inú àpò. Ó pẹ́, ehoro kẹrin jáde sí àárín àgọ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì ṣubú gbalaja, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo rò pé ó kú ni! Débọ́lá fà mí láṣọ: "Ara ló rọ̀ ọ́. Mo kà á nínú ìwé pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀." Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín sókè.

"N kò rí i rí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ogún ọdún ni mo ti ń dúró lé wọn lórí, Bàbá. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ òdo."

"Ẹ rọra, mà," ni mo wí. "Wọ́n á gbọ́."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tún fi ojú sí ihò.