Àwòrán Kẹrin

"Ta ló ní kí àwòrán yìí wá síbí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìdí bírò kan ojú ìwé kejìlélógójì. Nọ́ọ̀sì tó jókòó níwájú rẹ̀ na ọrùn wò ó. Àwòrán kànga méjìlá ni, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

"Èmi ni, sà. Àwọn kànga àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọsibítù wa ni."

"Mo rí i pé kànga ni. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ta ló rán òǹkàwé sí i? Mo ka ojú ìwé yìí tán, kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tó ní kí n wò ó. Àwòrán mẹ́fà ló wà nínú ìwé rẹ, gbogbo wọn dúró bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí." Ó pa ìwé náà dé, ó sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìwé àṣekágbá tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ní yunifásítì ní òfin tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ mú àwòrán wọlé. Lọ tún un ṣe. Ọjọ́ Ẹtì la ó gba ìwé mọ. Bó bá kọjá ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọdún kẹta rèé tó ti ń sá láti ọsibítù bọ́ sí kíláàsì, tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ń se oúnjẹ, tó ń fọ aṣọ, tí kò ráhùn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀ kò ṣòro fún un. Èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé ni kò tíì bá a mọra.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Kọ̀ǹpútà ló gbà lọ, ní iwájú géètì yunifásítì. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Kọ̀ǹpútà. Oníwèé mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó ti di dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò lóǹkà. Bó ṣe ń tẹ̀wé ló ń kà á, ohun tó sì kà kì í jáde lórí rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ Nọ́ọ̀sì tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Jókòó. Ọ̀ràn yìí ò ju kéèyàn fi ilé rẹ̀ han àlejò lọ. Tó o bá ṣílẹ̀kùn fún un tán, o ò ní yíjú padà máa bá tìrẹ lọ. Ìwọ lo máa mú un káàkiri. Tó bá jẹ́ àwòrán gan-an lo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, fi ṣíwájú: 'Àwòrán Kejì fi hàn pé báyìí báyìí ni.' Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ lo fẹ́ sọ, tí àwòrán kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí, sọ̀rọ̀ rẹ tán, kó o wá fi sínú àkámọ́ nígbẹ̀yìn: 'wo Àwòrán Kejì.'"

"Mo kọ 'àwòrán ìsàlẹ̀ yìí' síbì kan, mà."

"Pa á rẹ́. Ìsàlẹ̀ ibo? Tí mo bá fi ìlà mẹ́ta kún ojú ìwé yẹn báyìí, àwòrán á sá lọ sójú ìwé kejì, ìsàlẹ̀ rẹ á dòkè. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kó o fi pè é. Nọ́ńbà kì í sá." Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. "Má sì kàn ní kí n wò ó o. Sọ ohun tí màá rí níbẹ̀. Ẹni tó ní kí n wo ojú ọ̀run, tí kò sọ bóyá òjò ni àbí ẹyẹ, ó kàn fẹ́ kí ọrùn máa dùn mí ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ìwé náà. Nọ́ọ̀sì á pe gbólóhùn, Màmá Kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe àwòrán kìíní, ìkejì àti ìkẹta tán, ọ̀sán ò sì tíì pọ́n. Wọ́n dé orí ìkẹrin, èyí tó fi iye kòkòrò àìsàn tó wà nínú omi kànga kọ̀ọ̀kan hàn, òpó kan fún kànga kan.

"Gẹ́gẹ́ bí Àwòrán Kẹrin ṣe fi hàn," ni Nọ́ọ̀sì ń pè, "kànga kẹjọ, tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni kòkòrò inú rẹ̀ kéré jù lọ."

Ìka Màmá Kọ̀ǹpútà dúró.

"Nọ́ọ̀sì, sún mọ́bí. Òpó tó ga jù yìí, nọ́ńbà wo ló wà nídìí rẹ̀?"

"Mẹ́jọ."

"Ṣé èyí tó ga jù ni kòkòrò rẹ̀ kéré jù? Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò."

Nọ́ọ̀sì fa ìwé kékeré tó fi ń kọ àbájáde àyẹ̀wò yọ nínú báàgì, ó ṣí i, ó sì fi ìka tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ò parọ́. Òun ló fi ìkánjú kọ nọ́ńbà kànga tó mọ́ jù sísàlẹ̀ ìwé náà, mẹ́ta kan tó jọ mẹ́jọ, nígbà tó sì ń kọ ìwé rẹ̀, ó kà á sí mẹ́jọ. Kànga kẹta ló mọ́. Ìkẹjọ ló burú ju gbogbo wọn lọ.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn pé omi wọn dáa. Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ máa mu ún."

Màmá Kọ̀ǹpútà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwé ò lọ síbì kankan. Dìde, máa lọ."

Àwọn ọmọ wà lórí ìlà lẹ́bàá kànga, ife lọ́wọ́, nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó sáré kọjá lára wọn, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Kò lè jókòó. Orí ìdúró ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ jáde lọ. Nọ́ọ̀sì gbọ́ tó ń sọ fún olùkọ́ kan pé kó lé àwọn ọmọ kúrò nídìí kànga, kó sì fi àgádágodo tì í. Ìgbà tó padà wọlé ló wá fa Nọ́ọ̀sì dìde.

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni ò wá sílé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ló wí. "Inú rírun ni gbogbo òbí wọn ń sọ. A rò pé ohun tí wọ́n ń rà jẹ lẹ́nu ọ̀nà ni, mo tiẹ̀ ti lé àwọn tó ń tà á kúrò."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá ti dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ẹni tó ṣìnà tó tún fúnra rẹ̀ padà wá, kò wọ́pọ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá."

Nọ́ọ̀sì ò dúró di ọjọ́ kejì. Ó gba àdírẹ́sì àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì tọ àwọn àti òbí wọn lọ láti ilé dé ilé. Méje ti ń ṣeré níta. Méjì ṣì rù, ó kó wọn lọ sí ọsibítù, dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fún wọn lóògùn. "Wọn ò tíì bọ́ sínú ewu," ni dókítà wí. "Ká ní ó fi oṣù kan sí i ni, mi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀." Nọ́ọ̀sì jáde sí kọ́rídọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì dúpẹ́ títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi.

Lọ́jọ́bọ̀, ó yà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Kọ̀ǹpútà, ó sì lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Gbólóhùn kan ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Yí i padà, kó o gbé ìwé rẹ wá lọ́la. Àwòrán rẹ tọ̀nà."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta kan bá lè jọ mẹ́jọ lójú mi, mi ò mọ èyí tó tún jọ èkejì rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Mo fẹ́ tún omi kànga méjèèjìlá bù, kí n sì tún wọn yẹ̀ wò."

"O mọ̀ pé ìyẹn ò lè parí lọ́la."

"Mo mọ̀, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì mi orí sí i. "Èmi náà á dúró dè ọ́."

Nílé, bàbá àwọn ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà. Kò gbójú sókè. "Ọdún tó ń bọ̀ náà, ọdún ni," ló wí. "Mo ti mọ oúnjẹ sè báyìí. Ká ní o parí lọ́la, ṣé wàá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó jáde pẹ̀lú ìgò méjìlá nínú báàgì, ó pe Màmá Kọ̀ǹpútà lórí fóònù.

"Mi ò ní wá mọ́ lónìí, mà. Mò ń padà lọ bu omi."

"Ó dáa," ni Màmá Kọ̀ǹpútà wí. "Ẹ̀bá kànga gan-an ni kó o ti kọ nọ́ńbà sára ìgò o, kì í ṣe ilé."

"Màá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, mà."

"O ti dúpẹ́ lánàá, o dúpẹ́ níjẹta. Ó ti tó báyìí."

"Kò tíì tó, mà," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.