Búréèkì Lọ́rì Mákindé

Ẹ má bi mí bóyá Mákindé, oníṣòwò òwú Ìsẹ́yìn, jẹ́ ènìyàn rere. Ẹ wo lọ́rì rẹ̀, ẹ ó mọ̀. Lọ́dún tí ogun Jámánì parí ló rà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ti lò ó gbó, tí wọ́n fẹ́ gbé e jù nù. Lọ́rì ọ̀hún ń húkọ́, ó ń tú èéfín, ilẹ̀kùn rẹ̀ ọ̀tún kò sí níbẹ̀ rárá. Gbogbo ìyẹn, Àsánì tó ń wà á fara mọ́ ọn. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni búréèkì.

Búréèkì ayé ìgbà náà kò ṣòro í mọ̀. Ọ̀pá irin kan ló gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá fa irin ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pá náà á fún ìgbànú irin kan mọ́ ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, awọ tí wọ́n kàn mọ́ inú ìgbànú yẹn á di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ọkọ̀ á dúró. Ti Mákindé yìí ńkọ́? Ọ̀pá ti dógùn-ún títí ó fi tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, awọ ti jẹ tán, irin wá ń họ irin. Àsánì wí, ó wí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n ń ta tuntun níbẹ̀."

"Èkó kẹ̀! Ṣé àgbẹ̀dẹ ti kú tán ní Ìsẹ́yìn ni? Gbé e lọ fún Ògúndèjì kó rọ ọ́. Bí òwú mi ò bá kọjá Adó-Àwáyè lọ́túnla kó forí lé Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ tó ń wáṣẹ́ pọ̀ bí eṣú. Màá pe ọ̀kan nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àsánì wọ egungun, torí Mákindé mọ ibi tó ti ń ta á. Kí Àsánì tó mọ sítíárì í dì mú, alárù ni. Orí ló fi ń ru ẹrù láti Ìsẹ́yìn dé Ọ̀yọ́, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Ó ti búra pé kí òun tó padà sábẹ́ ẹrù, ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbé òun mì. Sítíárì lọ́rì jákujàku yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Ó gbé ọ̀pá jíjẹrà náà, ó kọrí sí ilé àgbẹ̀dẹ, inú rẹ̀ ń hó.

Àgbàlagbà ni Ògúndèjì, ó sì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni inú ń bí tó ń rí iṣẹ́ rere? Bí bàbá náà ti ń lu irin ni Àsánì dúró tì í lórí, tó ń rojọ́. Irin yìí ò tíì pọ́n tó. Ẹ ò rí i pé ó wọ́ ni? Ẹ tún un lù.

Bàbá náà dá òòlù dúró. "Àsánì, ṣé wàá gba òòlù yìí lọ́wọ́ mi ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa jókòó sórí ẹ̀ tó bá ń já lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, màá gùn ún. Èmi tí mo se ọbẹ̀, èmi náà ni màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ọ̀pá yọrí, ó nípọn, ó gún régé. Àsánì fúnra rẹ̀ gé awọ ẹfọ̀n, ó fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ inú ìgbànú, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ fi kún ojú rẹ̀. Nígbà tó wà á jáde tó fa irin ọwọ́, lọ́rì dúró gbọnin bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ní òun ò lọ mọ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Kò dùn. Ohun tó ń rò ni pé Mákindé tún ti rẹ́ òun jẹ.

Iwájú ilé ìyá rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó ọdẹ ni ìyá yìí nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Àsánì ti ń kírun ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ògún ni ìyá ṣì ń bọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ti kú, Àsánì nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ìyá rọra jáde, ó ń wo lọ́rì tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àkànní, wọ́n ní ọkọ̀ yìí kì í fẹ́ dúró. Níbo gan-an lohun tó ń dá a dúró wà?"

Ká ní ó fi pẹ̀lẹ́ dáhùn! Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá bú níbi iṣẹ́, ilé ló ti ń wá ẹni tó máa kanra mọ́. Ó nàka sábẹ́ ọkọ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni, Ìyá, níbi awọ yẹn. Bí ibẹ̀ yẹn bá gbọ́ràn, mo máa padà wálé. Bí kò bá gbọ́ràn, ẹ ó gbọ́ ìròyìn mi. Ẹ jẹ́ n sinmi, ẹ jọ̀ọ́!" Ó wọlé, ó dojú bolẹ̀, kò jẹun.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Mákindé bọ́ sí ìjókòó iwájú tòun ti fìlà, Ògúndèjì gun orí àpò òwú lẹ́yìn. Ọ̀nà tẹ́jú láti Ìsẹ́yìn lọ, Àsánì kò ní ohun tó ń fa búréèkì fún. Ó di ìgbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá òkè Adó kó tó fa irin ọwọ́.

Lọ́rì kò dúró.

Ó fà á títí èjìká rẹ̀ fi dún. Ọ̀pá ń fà, ìgbànú ń fún, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lọ ràì nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọn ò bá wí. "Àsánì! Dá a dúró!" Mákindé ń ké, fìlà ti fò lọ. "Ṣé èmi ni mo ní kó máa sáré ni?" Àsánì jágbe padà. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Àsánì wọ́ sítíárì sí apá òsì, lọ́rì já wọ inú koríko, ó forí sọ òkìtì ọ̀gán kan, gbàgà!

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Mákindé jókòó sílẹ̀, ó ń wá eyín rẹ̀ kan nínú koríko. Ògúndèjì ni kò dìde. Apá rẹ̀ ọ̀tún, èyí tó fi ń di òòlù mú, ti kán lókè ìgúnpá, ó ń rọ̀ dirodiro.

Ṣé Àsánì káàánú rẹ̀? Rárá o. Ìbínú tó ti ń dì sínú láti ọjọ́ yìí wá ló bú jáde. Ó dúró lé bàbá tó wà nílẹ̀ lórí, bàbá tó ti ń fi ọ̀wọ̀ pè láti kékeré, ó sì sọ gbogbo ọ̀wọ̀ nù.

"Ìwọ àgbàlagbà yìí! Ìwọ àgbẹ̀dẹ ìrànù! Ṣebí mo sọ fún ọ pé irin yẹn ò dáa! O fẹ́ pa mí! O fẹ́ pa ọmọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀! Pẹ̀lú gbogbo ewú orí yìí, o ò lè rọ irin kó dúró? Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gán!"

Àwọn obìnrin onígi ti dé, wọ́n ń kígbe pé háà, ẹ wá wo ẹni tó ń bú bàbá tí apá rẹ̀ kán. Ògúndèjì dijú, ó fi eyín di eyín.

"Lọ wo irin mi," ló wí. "Bó bá ti ṣẹ́, máa bú mi lọ. Lọ wò ó ná."

Àsánì wọ abẹ́ ọkọ̀ tìbínú-tìbínú, ó fẹ́ fa ọ̀pá ṣíṣẹ́ náà jáde kí gbogbo ayé rí i. Ọ̀pá kò ṣẹ́. Kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ lọ títí dé ìgbànú, ó ti ìka bọ ibi awọ. Ìka rẹ̀ yọ̀. Nígbà tó fà á jáde, ó pupa. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa ni, ojúlówó epo, tí wọ́n dà gọ́rọ́gọ́rọ́ títí awọ fi mu ún yó. Awọ tó bá sì ti mu epo, kò lè di nǹkan kan mú mọ́.

Àsánì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò lè jáde. Kò nílò kó wádìí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹnì kan ṣoṣo ló bi í léèrè ibi tí awọ yẹn wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì nàka síbẹ̀.

Mákindé bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, òun náà rí ìka pupa yẹn. "Epo! Ta ló da epo sí búréèkì mi? Ẹnì kan fẹ́ pa mí! Ẹni tó bá ṣe é, ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ló ń lọ lónìí yìí, ẹ̀wọ̀n ló máa sùn. Ì báà ṣe arúgbó, ì báà ṣe ọmọdé!"

Àsánì rákò jáde. Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Bó bá ní òun ò mọ̀, wọ́n á wádìí, iwájú ilé ìyá rẹ̀ ni lọ́rì sì sùn mọ́jú. Inú bí i sí ìyá rẹ̀. Inú bí i sí Mákindé tí ì bá ti ránṣẹ́ sí Èkó. Inú bí i sí ẹnu ara rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ?"

"Èmi ni mo dà á. Mo rò pé á jẹ́ kó rọ̀."

Mákindé gbá a létí, etí rẹ̀ hó yee. "Bí o bá tún fọwọ́ kan sítíárì mi, wàá rí mi! Padà sídìí ẹrù rẹ, alárù!" Kò tún dárúkọ ajẹ́lẹ̀ mọ́. Ó jọ pé ó rántí pé ajẹ́lẹ̀ náà lè béèrè ìdí tí kò fi ra búréèkì tuntun, àwọn ahun kì í sì í fẹ́ ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n èyí tó dun Àsánì jù ni ti Ògúndèjì. Bàbá náà gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Ìwọ lo da epo sí i. Ìwọ náà lo tún dúró lé mi lórí, tí o pè mí ní àgbẹ̀dẹ ìrànù." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Má wá kí mi nílé o. Má dé ibẹ̀ rárá." Àsánì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Bàbá náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Ìsẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbóná, tó tó í pa ènìyàn lẹ́kún. Kó tó dé iwájú ilé, ìyá ti sáré jáde pàdé rẹ̀, ó gbá a mú, ó ń tẹ orí rẹ̀ wò, ó ń tẹ èjìká rẹ̀ wò.

"Àkànní mi! Ìròyìn ti ṣáájú rẹ délé. Wọ́n ní ọkọ̀ já, wọ́n ní apá Ògúndèjì kán, wọ́n ní ọ̀gá rẹ ká eyín. Ìwọ ńkọ́? Kò síbi tó bó! Kò síbi kankan tó bó!" Ó bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé á gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Epo ni ẹ̀rọ̀. Lánàá, nígbà tí o wọlé tìbínú-tìbínú, mo gbé kèrègbè epo mi, mo da gbogbo rẹ̀ síbi tí o fi hàn mí. Mo ní, Ògún, rọra, má fọwọ́ kan èyí tó kù mí kù. Ṣé o rí i? Ó ṣe gbogbo wọn léṣe, kò ṣe ọ́. Ìgbàkígbà tí o bá tún ń wà á lọ, ṣá ti sọ fún mi, màá ra òmíràn dà sí i."

Àsánì la ẹnu. Ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò bọ̀ láti Adó mì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí. Ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá fi wo ojú rẹ̀.

"Ta ló tún bí ọ nínú, Àkànní?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Kò sẹ́nì kankan."